Ìtọ́sọ́nà lórí wíwá òdìkejì àwọn ọ̀rọ̀ ìhámọ́ àti ìfúnpọ̀

Ní ọjọ́ kan, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sójú pátákó ní kíláàsì karùn-ún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní Ìkòròdú: “fún”, “há”, “kì” àti “dì”. Mo ní kí wọ́n kọ òdìkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú dáńfó tó di gbogbo wa pọ̀ bí ìdì igi ni, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìhámọ́ àti ìfúnpọ̀ nìkan ló wà lọ́kàn mi. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé òdìkejì “fún” ni “gbà”, ti “há” ni “kó jọ”, ti “kì” ni “bú”, ti “dì” sì ni “tú”. Mo fi bírò pupa fagi lé mẹ́ta àkọ́kọ́, mo sì fún un ní 1 nínú 4. Ìgbà tí mo tún àwọn ìwé náà yẹ̀ wò nílé lálẹ́ ni ojú tì mí, nítorí pé ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe rárá: ẹni tí wọ́n bá fún lówó ló ń gbà á, ẹni tó bá há ìrẹsì fún àwọn ará àdúgbò, òdìkejì iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ènìyàn máa kó o jọ sínú yàrá ara rẹ̀, ẹni tó bá sì ki ọba ní oríkì, òdìkejì rẹ̀ ni ẹni tó bú ọba. Èmi tí mo béèrè ọ̀rọ̀ ní ìhòòhò ni mo jẹ̀bi.

Ọ̀nà tí mo wá ń gbà láti ìgbà náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, fún ògbufọ̀, àti fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ Yorùbá tó sì máa ń dé ibi tí ó ti nílò ọ̀rọ̀ tó dojú kọ “há” tàbí “fún” tí ọ̀rọ̀ náà kò sì tètè wá. Ohun tí ẹ nílò kò ju ìwé, bírò àti ẹnìkan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí yóò ní sùúrù láti gbọ́ bí ẹ bá ń kà á sókè.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ kọ́kọ́ wọ aṣọ fún ọ̀rọ̀ náà

Ẹ má ṣe wá òdìkejì ọ̀rọ̀ tó dá dúró. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe wa jẹ́ sílébù kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jọ ara wọn ní ìró àti ní àkọtọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ wọn kò bára tan. “Fún” ni a ń lò bí a bá fi nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́; òun náà ni a ń lò bí a bá ń fi ọwọ́ tẹ ọsàn kí omi rẹ̀ lè jáde, bí bàtà kò bá gba ẹsẹ̀, àti bí àgbẹ̀ bá ń da irúgbìn káàkiri ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí méjì nínú wọn lójú kan náà, kí ó ṣí orí 13 ìwé Mátíù nínú Bíbélì Yorùbá: afúnrúgbìn ló jáde lọ láti fúnrúgbìn, ẹ̀gún ló sì dàgbà sókè tó fún irúgbìn náà pa. “Fún” ti àkọ́kọ́ ń tú nǹkan ká, “fún” ti ìkejì ń ká a mọ́ ojú kan títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Bákan náà ni “há”: ọ̀nà há, ìyẹn ni pé kò fẹ̀, a sì há oúnjẹ fún àwọn ènìyàn, ìyẹn ni pé a pín in káàkiri. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé méjì nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ìfúnpọ̀ ló ń wọ ẹ̀wù kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì wọn.

Nítorí náà, ẹ kọ gbólóhùn kíkún tí ẹni tó ń ṣe é àti ohun tí a ń ṣe é sí yóò hàn nínú rẹ̀. “Bàtà yìí fún mi lẹ́sẹ̀” kò lè fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú iyèméjì. Òdìkejì rẹ̀ ni “Bàtà yìí tóbi jù fún mi”. Àwọn ọmọ kan máa ń kọ “Bàtà yìí ṣe rẹ́gí”, ṣùgbọ́n ṣíṣe rẹ́gí wà láàárín méjèèjì. Kì í ṣe òdìkejì èyíkéyìí nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi arọ́pò-orúkọ dán ohùn rẹ̀ wò

Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ ohùn náà sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. “Dì” a di “di” nínú “di ẹrù”, “kì” a di “ki” nínú “ki ìbọn”, “dẹ̀” a sì di “dẹ” nínú “dẹ okùn”. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀, nítorí pé “dẹ” inú “dẹ okùn” kò yàtọ̀ lójú ìwé sí “dẹ” inú “dẹ pàkúté”, bẹ́ẹ̀ èyí àkọ́kọ́ jẹ́ kí okùn má le mọ́, èyí kejì sì jẹ́ kí a gbé ohun tí yóò mú ẹran kalẹ̀. Ẹ yọ ọ̀rọ̀-orúkọ náà kúrò, kí ẹ sì fi arọ́pò-orúkọ sí ipò rẹ̀. Bí ó bá di “dẹ̀ ẹ́”, jíjẹ́ kí nǹkan má le mọ́ ni, òdìkejì rẹ̀ sì ni “fà á kí ó le” tàbí “fún un”. Bí ó bá di “dẹ ẹ́”, pàkúté ni, kò sì sí lára ọ̀rọ̀ tiwa yìí. Ọgbọ́n yìí kò lè ya “kì” ti ìbọn sọ́tọ̀ kúrò lára “kì” ti oríkì, nítorí pé “kì í” ni àwọn méjèèjì; gbólóhùn kíkún nìkan ló lè ya ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ béèrè ohun tó fa ìhámọ́ náà

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù lọ, òun náà ni àwọn ènìyàn sì máa ń fò. Ohun mẹ́ta ló lè mú kí nǹkan há: àyè lè kéré, ohun kan lè máa fi agbára tẹ òmíràn, tàbí kí iye pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní òdìkejì tirẹ̀, bí a bá sì gbé ti ọ̀kan fún èkejì, gbólóhùn á dún, ṣùgbọ́n kò ní pé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú dáńfó láti Mile 12 sí Ìkòròdú ní ìrọ̀lẹ́. Kọ̀ńdọ́ ń kígbe pé, “Ẹ sún wọlé, mẹ́rin-mẹ́rin ni o!” Ìjókòó tí ó yẹ fún ènìyàn 3 ti di ti ènìyàn 4. Ìyá tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò lé ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fàyè gbà mí díẹ̀.” Èjìká rẹ̀ ń tẹ tèmi, tèmi ń tẹ ti ọkùnrin tó wà létí fèrèsé, orúnkún mi sì há mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó iwájú. Nígbà tí ọkọ̀ dé Ògólóńtò, ọkùnrin etí fèrèsé sọ̀kalẹ̀. Kí ló yí padà? Iye wa dín kù láti 4 sí 3. Èjìká wa dẹ̀ lára ara wọn. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ṣì há síbi tó wà, nítorí pé àyè tó wà láàárín ìjókòó méjì kò fi ìka kan fẹ̀ sí i. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ pé “ọkọ̀ náà wá gbòòrò”, irọ́ ló pa: àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló dín kù.

Bí ó bá jẹ́ ti àyè, “há” ni ọ̀rọ̀ wa, “fẹ̀”, “gbòòrò” àti “láyè” sì ni ó dojú kọ ọ́. Ọ̀nà àti ẹnu ọ̀nà máa ń fẹ̀. Ilẹ̀ àti àgbàlá máa ń gbòòrò. Yàrá àti ọkọ̀ máa ń láyè. Ẹ ṣọ́ra fún “há” ti ohun tó kọ́ sí ibi kan: bí egungun ẹja bá há ènìyàn lọ́fun, kò sí ẹni tí yóò gbàdúrà pé kí ọ̀fun rẹ̀ gbòòrò, ohun tí a ń fẹ́ ni kí egungun náà yọ, tàbí kí a fà á yọ. Kọ́kọ́rọ́ tó há sínú ilẹ̀kùn náà, “fà yọ” ni òdìkejì rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti agbára, àwọn ọ̀rọ̀ wa ni “fún”, “dì”, “tẹ̀” àti “dì mú”, òdìkejì wọn sì pọ̀ díẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí ní Èbúté Ìkòròdú á rántí láífù jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń ní kí èrò wọ̀. Bí okùn rẹ̀ bá fún yín láyà jù, ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ dẹ̀ ẹ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tú u, nítorí ẹni tó tú u ti bọ́ ọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín “dẹ̀” àti “tú” nìyẹn: “dẹ̀” ń dín ìfúnpọ̀ náà kù, “tú” ń fòpin sí i. Òdìkejì “fún” tó jẹ́ pé okùn le ni “dẹ̀”. Òdìkejì “dì” tó jẹ́ pé a so nǹkan pọ̀ ni “tú”. Òdìkejì “dì mú” sì ni “jọ̀wọ́” (ti “jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó lọ”, kì í ṣe ti ẹ̀bẹ̀) tàbí “fi sílẹ̀”. Ní ti ohun tí a fún kí omi rẹ̀ lè jáde, bí ẹ̀gẹ́ tí a ti rin tí a sì dì sínú àpò tí a gbé òkúta lé, omi náà ti lọ, kò sì lè padà. Ẹ̀gẹ́ náà á ti dì gbagidi nígbà tí a bá tú àpò náà, ohun tí àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí yóò sì ṣe ni pé wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí ó tó kan agbada. Nídìí iṣẹ́ gààrí, “fọ́” àti “sẹ́” ló dojú kọ “fún”, “dẹ̀” kò sì já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti iye, ọ̀rọ̀ wa ni “rọ́”, “ya bo”, “ṣù mọ́” àti “kún”. Àwọn ènìyàn tó ṣù mọ́ ibi kan máa ń túká. Ohun tí kò lẹ́mìí máa ń fọ́nká. Àpótí tó kún máa ń ṣófo. Ibi tí èrò ti ń rọ́ gìrọ́gìrọ́ máa ń dá. Ọjà, ní tirẹ̀, máa ń tú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pinnu bóyá títú iṣẹ́ náà palẹ̀ ni ẹ fẹ́, tàbí ọ̀nà mìíràn láti ṣe é

Èyí kò le, ṣùgbọ́n ó máa ń dààmú àwọn ògbufọ̀. Òdìkejì “di ẹrù” ni “tú ẹrù”, nítorí pé èkejì ń ba iṣẹ́ èkíní jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni òdìkejì “Wọ́n ń rọ́ wọ ọkọ̀”? Bí a bá ní “wọ́n ń sọ̀kalẹ̀”, ibi tí wọ́n kọjú sí nìkan la yí padà, nítorí wọ́n lè rọ́ sọ̀kalẹ̀ náà. Ohun tó dojú kọ ìwà rírọ́ fúnra rẹ̀ ni títò: “Wọ́n tò wọ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.” Nígbà tí wọ́n fa ọ̀nà BRT, ìyẹn ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn bọ́ọ̀sì ńlá, dé Ìkòròdú ní ọdún 2015, a rí àwọn tó ń rọ́ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá ń tò, wọn kò sì yé wọ ọkọ̀ o. (Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìtò náà máa ń di rírọ́ padà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.)

“Kì” náà rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tó ki ìbọn rẹ̀ kò ní tú ohun tó kì sínú rẹ̀ dànù bí ẹran bá yọjú. Yóò yìn ín ni. Nínú gbólóhùn nípa ọdẹ, “yìn” ni olùkàwé ń retí lẹ́yìn “kì”. Ní ọjà Sábó ẹ̀wẹ̀, ìyá tó ń ta gààrí kì í kì í mọ́lẹ̀ nínú kóńgò. (Ẹ wo àwọn “kì í” méjèèjì yẹn: lẹ́tà kan náà, ohùn kan náà, èkíní kọ̀, èkejì tẹ̀.) Ó máa ń fi abọ́ kékeré bù ú, yóò gbé e sókè, yóò sì rọra máa dà á sílẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi rí ṣóńṣó. Kóńgò kún lójú, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ láàárín rẹ̀. Oníbàárà á ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì í mọ́lẹ̀ díẹ̀,” ìyá á sì rẹ́rìn-ín, á fi ẹ̀nì kún un, kò sì ní kì í. Òdìkejì “kì” níbí kì í ṣe “yìn”, kì í sì í ṣe “fà yọ”. “Rọra dà” ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wá ọ̀rọ̀ aró tí yóò bá òdìkejì náà rìn

Bí gbólóhùn àkọ́kọ́ bá ní ọ̀rọ̀ aró, ìyẹn ọ̀rọ̀ bíi “fọ́fọ́” tó ń fi ìró ya àwòrán bí nǹkan ṣe rí, òdìkejì tí kò ní á dàbí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. “Ọjà kún fọ́fọ́” ń fẹ́ “Ọjà dá páropáro”. “Ilẹ̀kùn tì pinpin” ń fẹ́ “Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu”. “A fún gádígádí lórí ìjókòó” ń fẹ́ “A jókòó pẹ̀sẹ̀”. Ní ti ojú ọ̀nà, “súnkẹrẹ-fàkẹrẹ” ti ní ìṣísẹ̀ ọkọ̀ nínú ara rẹ̀, nítorí náà “ọ̀nà kò dí” kò tó ó dojú kọ. “Ọkọ̀ ń lọ geerege” ni kí ẹ kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ya “há sórí” àti “súnkì” sọ́tọ̀

Gbogbo òbí tó bá ní ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò mọ “há sórí”. Ọmọ náà á jókòó ti ìwé lóru, á máa ka ìlà kan náà léraléra, á sì máa kó o há sínú orí bí ẹni ń ki aṣọ sínú báàgì kékeré. “Gbàgbé” ni àwọn ọmọ máa ń kọ gẹ́gẹ́ bí òdìkejì rẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí ohun tí a há sórí ni a máa ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ fẹ́ sọ bá jẹ́ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́, “gbàgbé” kò bá a mu: àbájáde ni, kì í ṣe ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó dojú kọ ọ́ ni “yé”: “Kò há a sórí, ó yé e yékéyéké.” Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ń ṣe é yí ipò padà. Ọmọ ló ń há ìwé sórí, ṣùgbọ́n ìwé ló ń yé ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ ṣì wà ní ipò olùwà, ẹ lo “kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀”.

“Súnkì” ni aṣọ máa ń ṣe lẹ́yìn ìfọ̀, òdìkejì rẹ̀ sì ni “fẹ̀” tàbí “nà”. Nínú gírámà, ìsúnkì ni orúkọ tí a fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí “ra ẹja” bá di “rẹja”. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òdìkejì rẹ̀ yóò kọ ọ́ ní kíkún. Orúkọ ìlú wa pàápàá wà níbẹ̀: àwọn àgbà Ìkòròdú máa ń sọ pé “Oko Òdú” ni, oko ẹ̀fọ́ òdú, kí ẹnu tó pa á pọ̀ di ohun tó dà lónìí.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kà á sókè fún ẹlòmíràn

Ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì ka èkejì. Bí olùgbọ́ yín bá béèrè pé “Ṣé èyí náà ni?”, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹ má sì fi “kò” bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: “Yàrá náà kò há” kò túmọ̀ sí pé ó gbòòrò, ó lè jẹ́ pé ó kàn ṣe é gbé ni. Ìgbà tí ẹ bá wá òdìkejì títí tí ẹ kò rí i nìkan ni kí ẹ lo “kò”.

Mo tún máàkì ọmọbìnrin náà ṣe, mo sì fún un ní 4 nínú 4. Báyìí ni mo ṣe ń kọ ìbéèrè náà sójú pátákó nísinsìnyí:

Kọ gbólóhùn tó jẹ́ òdìkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí.
1. Okùn yìí fún mi láyà.
2. Egungun ẹja há Bàbá lọ́fun.
3. Ọdẹ ki ìbọn rẹ̀.
4. Àwọn èrò rọ́ wọ ọkọ̀ ní gáréèjì.